Etí Bàbá Ánpù

Gbogbo ẹni tó wá kí wa lẹ́yìn ikú Bàbá mi àgbà ló ń sọ pé etí wọn mú. N kò já ẹnikẹ́ni ní koro. Ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi àríyànjiyàn, àwọn tó wá náà sì ti rìn nínú oòrùn kí wọ́n tó dé ilé wa ní Tunga Low Cost. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, àwọn náà sì mọ̀, pé ó ti pẹ́ kí Bàbá tó kú tí ohùn tó bá ti tínrín kò ti wọ etí wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe wá mọ èyí, àti ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìyókù ìtàn ayé wọn wà lọ́wọ́ Dádì mi, tó fẹ́ràn láti máa to nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ampilifáyà ọkọ̀ ni Bàbá ń tún ṣe, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé sínú búùtù tàbí sábẹ́ àga, tó máa ń fún orin lágbára kí ó tó dé ẹnu sípíkà. Ánpù ni gbogbo Minna ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Maitumbi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta táyà, ọ̀dà ara pátákó rẹ̀ sì ti ṣí débi pé 'Ánpù' nìkan ló ṣẹ́ kù tí èèyàn lè kà. Bóyá ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ wọn lára, nítorí Làmídì ni wọ́n ń jẹ́. Bàbá tiwọn ló bá iṣẹ́ rélùwéè wá láti Ìkìrun, Minna ni wọ́n sì bí Bàbá sí. Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Yorùbá wọn náà dára, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń lo èyí tó dùn jù nínú rẹ̀.

Wọ́n ní orúkọ fún gbogbo àìsàn ánpù. Èyí tí iná dé ara rẹ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó kọ oúnjẹ. Èyí tó máa ń dún gbàà nínú sípíkà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, wọ́n á ní ó ń húkọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní ìkùnsínú. Ohùn tínrín kan ni, tó máa ń jáde lẹ́nu sípíkà yálà orin wà tàbí kò sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wàá rò pé kò sí nǹkan kan. Bí o bá tan ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn; bí o bá tẹ iná mọ́ ọn, ohùn náà á máa lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ sókè. Bàbá máa ń ṣàlàyé orúkọ náà fún oníbàárà tuntun láìrẹ́rìn-ín. 'Ó ti ń bínú tẹ́lẹ̀,' ni wọ́n á wí. 'Ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.'

Ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀ ní Maitumbi. Àwọn awakọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá kankan á wá bá wọn, wọ́n á ní, 'Baba, motata tana ikusinu,' pé ọkọ̀ wọn ń ṣe ìkùnsínú, Bàbá á sì mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dùn wọ́n. Wàìdì àbúrò mi, tí Hausa rẹ̀ dára ju Yorùbá rẹ̀ lọ bíi ti gbogbo ọmọ tí a bí sí Minna, inú ṣọ́ọ̀bù ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Nígbà ààwẹ̀ kan, àáfà ń wàásù pé kí á má ṣe ní ìkùnsínú sí ara wa. Wàìdì yíjú sí mi, ó ní, 'Àwa tí a ò ní mọ́tò ńkọ́?' Mo sọ ọ́ fún Bàbá nígbà tí a ń ṣínu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kunú fi pá wọn lórí. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀mí fà, wọ́n ní, 'Ẹ má sọ ìtumọ̀ kejì fún un. Ẹ jẹ́ kí ó gbádùn ayé díẹ̀ sí i.'

Bí ọkọ̀ bá dé, Bàbá kì í fọwọ́ kan ánpù. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ń kùn kí ẹ tó tan ọkọ̀? Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ni? Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yọ wáyà tó ń gbé orin bọ̀ láti rédíò iwájú. Bí ohùn náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé iwájú ni àléébù wà. Bí kò bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ánpù ni. Níbẹ̀, wáyà ilẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyẹn wáyà dúdú tí wọ́n dè mọ́ irin ara ọkọ̀. Ọ̀dà tó bá wà lábẹ́ ìdè yẹn nìkan tó láti da gbogbo nǹkan rú. Àwọn tó ń kánjú kì í fẹ́ràn ìbéèrè. Ọ̀gá kan sọ lójú mi pé ọkọ̀ lòun gbé wá, òun kò wá ṣe ìdánwò. Bàbá ní, 'Ẹ jókòó, ọ̀gá, ìbéèrè méjì péré ló kù.' Ó kù ju méjì lọ dáadáa.

Ọkùnrin kan wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó tún ní oko lẹ́yìn ìlú, tí ánpù rẹ̀ máa ń kọ oúnjẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Bí ó bá di Mọ́ńdè, á tún máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ẹnìkan ti ní kí ó ra òmíràn. Ẹlòmíràn ti ní kí ó gbàdúrà. Bàbá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń bi í ní ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, ẹni tó ń gbé sínú ọkọ̀, títí ó fi dé orí iṣu tó máa ń kó bọ̀ láti oko ní Sátidé. Wọ́n ṣí búùtù. Wáyà kékeré kan, èyí tó máa ń jí ánpù bí wọ́n bá tan rédíò, gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá ní ibi tí ó máa ń to iṣu sí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí iṣu bá tẹ̀ ẹ́, ó já. Bí wọ́n bá kó iṣu kúrò, ó so. Ọkùnrin náà ń retí àlàyé gígùn. Ohun tí Bàbá sọ fún un, lẹ́yìn tí wọ́n so wáyà tán, ni pé, 'Ẹ máa to iṣu sí ẹ̀gbẹ́ òsì.'

Wọn kì í fi orin dán iṣẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ra sípíkà ńlá máa ń fẹ́ kí Bàbá gbọ́ bó ṣe ń mi ilẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀, ẹni tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa ṣépè, Bàbá á gbé ọwọ́ sókè. 'Ẹ pa orin,' ni wọ́n á wí. 'Ọkọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.' Wọ́n á wá jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ náà, orí wọn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa wá ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Èyí gan-an ni èèyàn ń wá sọ́dọ̀ wọn fún. Ẹni tó mọ wáyà í so kò wọ́n ní Minna.

Bàbá kò gba oyè tí kì í ṣe tiwọn. Wọn kò lọ sí Mẹ́kà rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìlú wa yìí, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá ti funfun, Alhaji ni. Bí ẹnìkan bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Mo ti rí wọn dá ẹni tó ń kánjú lọ kírun dúró nítorí rẹ̀. Wọ́n á ní, 'Làmídì, tàbí Bàbá Ánpù. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì.'

Ìjà tó gùn jù nílé ni èyí tí wọ́n ń bá Màmá, ìyàwó wọn, jà. Bàbá ní Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ní àṣírí. Màmá, tí àwọn aládùúgbò máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú títì, ní irọ́ ni. Fóònù á máa dún lápò Bàbá, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́. Bí Dádì bá fi ohùn ńlá wọn sọ̀rọ̀, Bàbá á dáhùn kíákíá. Èmi àti Màmá ni wọ́n máa ń ní kí á tún un sọ. Èmi ka èyí sí àgbà tó ń dé. Màmá kà á sí ìwà ìkà. Wọ́n á gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀ gbàgà, wọ́n á ní, 'Èyí tó bá wù ú ló ń gbọ́.'

Lóde, ìjà kan ṣoṣo ni Bàbá kò parí bọ̀rọ̀, ìyẹn ni ti Danjuma. Ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni Danjuma, ó kéré sí Bàbá dáadáa, wọ́n sì jọ lo ṣọ́ọ̀bù Maitumbi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Danjuma fúnra rẹ̀ ló sọ bí ìjà náà ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, lẹ́yìn tí a ti sin Bàbá. Bàbá tún ọkọ̀ kan ṣe tán, wọ́n tàn án, wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní, 'Ó ti dákẹ́.' Danjuma gbórí sókè nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní, 'Baba, har yanzu yana kuka.' Ó ṣì ń sunkún, ni ó wí, nítorí orúkọ tí òun ń pe ìkùnsínú ní Hausa nìyẹn. Bàbá ní kò sunkún. Oníbàárà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Danjuma bá bẹ̀rẹ̀ sínú búùtù, ó tú wáyà ilẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ dànù, ó fi gíríìsì pa á kí ó má bàa dípẹtà, ó sì dè é padà. Ojú oníbàárà là. Ó ní, 'Yauwa,' ìyẹn ni pé ó ti dára wàyí.

Bàbá kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n àwọn pàápàá kò mọ̀. Létí wọn, ọkọ̀ náà ti dákẹ́ kí Danjuma tó fọwọ́ kàn án, ó sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹun, tó dìde lójú oníbàárà, tó ń ha ọ̀dà kiri láti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ. Wọ́n pè é ní òpùrọ́. Kò pẹ́ sí i, Danjuma kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àdúgbò Keteren Gwari. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ nílé, Bàbá á ní, 'Ẹ jẹ́ kí ó máa ha ọ̀dà.'

Lẹ́yìn tí Danjuma lọ, kò sí ẹni tó tún sọ fún Bàbá pé nǹkan ń kùn. Ta ni yóò sọ ọ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní wo àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun lójú kí ó ní iṣẹ́ wọn kò pé. Yorùbá kò ní ṣe é, Nupe kò ní ṣe é, Hausa kò ní ṣe é. Bàbá á tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ìkùnsínú á gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, 'Ó ti dákẹ́.' Oníbàárà á ní, 'Ó ti dákẹ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o.' Á wá wakọ̀ lọ tààrà sí Keteren Gwari kí Danjuma lè bá a parí rẹ̀. Danjuma á ṣe é, á sì kìlọ̀ fún un pé kí Baba má gbọ́ nípa rẹ̀. Báyìí ni gbogbo ìlú fi mọ̀, tí ilé wa kò mọ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí, nítorí gbogbo wọn ló ń hu ìwà ọmọlúàbí.

Fíúsì tó jó ló tú gbogbo àṣírí náà síta. Olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ tí Bàbá ti tún ṣe tẹ́lẹ̀ padà wá nítorí fíúsì. Bàbá ṣí búùtù, wọ́n rí i pé wáyà ilẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n fi í sí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ti di híha mọ́lẹ̀ roro, gíríìsì sì wà lórí ìdè náà bí Danjuma ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n bi olùkọ́ pé ta ló ṣe èyí. Olùkọ́ ní mẹkáníìkì ni. Bàbá pààrọ̀ fíúsì, wọ́n kí i pé ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ àtijọ́ tó bá ti padà wá, kódà bí iwájú ló bá ti ń ṣe é, búùtù ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Gíríìsì Danjuma wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n pè mí ní Sátidé kan, wọ́n ní, 'Àṣàkẹ́, gbé mi lọ sí Keteren Gwari.'

Mo ní ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ánpù rárá, ohun tí Bàbá kà sí àbùkù fún ìdílé. Ní ọjọ́ náà, wọn kò bú u. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú wọn wà lọ́nà títí a fi dé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé ìjà ni a ń lọ jà, mo sì ń ronú bí obìnrin kan ṣe lè la ọkùnrin méjì.

Danjuma rí wa, ó lóṣòó, ó kí Bàbá káàbọ̀, ó ní, 'Sannu da zuwa, Baba.' Bàbá dáhùn. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de àtúnṣe. Bàbá wọ inú rẹ̀, wọ́n ní kí Danjuma tàn án, kí ó sì tẹ iná mọ́ ọn. Hausa ni wọ́n ń sọ. Mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà pariwo ìkùnsínú débi pé mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Bàbá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ wọn wà lórí itan.

'Yana kuka?' ni wọ́n béèrè, ìyẹn ni pé ṣé ó ń sunkún.

Danjuma wò mí. Ó ní kékeré ni, Baba, kò tó nǹkan.

Bàbá ní àwọn kò béèrè bó ṣe tóbi tó. 'Yana kuka?'

'Yana kuka, Baba.'

'Láti ìgbà wo ni n kò ti gbọ́ ọ mọ́?'

'Láti ṣọ́ọ̀bù wa ni.'

'O sọ fún mi lọ́jọ́ náà.'

'Mo sọ ọ́.'

'Mo pè ọ́ ní òpùrọ́.'

Danjuma na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, 'Danjuma, ka yi haƙuri.' N kò gbọ́ kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni ní Yorùbá rí. Ó ṣeé ṣe kí ó rọrùn fún wọn ní Hausa.

Nígbà tí a délé, Bàbá lọ bá Màmá ní kíṣíìnì, wọ́n sọ fún wọn pé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ti parí, etí àwọn ló ti lọ. Màmá ń ro tuwo. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́, kí Bàbá tún un sọ.

Dádì fẹ́ kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní tí Bàbá bá jókòó sílé nísinsìnyí, orúkọ wọn á wà bó ṣe wà, kò sí ẹni tó máa mọ ìdí. Òótọ́ ni Dádì sọ. Ìdákẹ́jẹ́ ìlú lè gbé Bàbá dé ibojì láìsí àbùkù kankan. Orúkọ yẹn sì ni gbogbo ohun tí Bàbá ní. Wọn kò kọ́lé ńlá, wọn kò jẹ oyè. Wọ́n gbọ́ Dádì tán, wọ́n ní, 'Ọwọ́ mi ṣì mọ wáyà. Etí nìkan ló lọ.'

Ní Mọ́ńdè, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó kọ́kọ́ dé kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi sọ fún un. Wọ́n sọ fún èkejì. Wọ́n sọ fún ẹni tó ń ta táyà, tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ń ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi dùbúlẹ̀ àìsàn, wọn kì í gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ sọ ọ́: 'Ohùn tínrín kò wọ etí mi mọ́. Bí mo bá ní ó ti dákẹ́ tí kò sì dákẹ́, ẹ sọ fún mi.' Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ayé wọn. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Ó dùn wọ́n. Mo rí i lójú wọn bí wọ́n bá rí ọkọ̀ oníbàárà àtijọ́ tó ń sáré kọjá. Àwọn tó kù ń wá, ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ti fún wọn láyè, síbẹ̀ wọn kò lè sọ ọ́. Ọkọ̀ á máa kùn, wọ́n á ní, 'Ó ti dákẹ́, Bàbá.'

Ìgbà náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kan tí kò kan wáyà. Bí oníbàárà bá ti ní ó dákẹ́, wọ́n á wò ó lójú, wọ́n á ní, 'Òótọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀?'

Àwọn ọkùnrin á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní àdúgbò wa ló kọ́kọ́ dáhùn. Mo wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀wọ̀ ni.' Bàbá ní kí ó dìde kíá, kí ó wọ inú ọkọ̀, kí ó máa bá àwọn gbọ́. Bàbá wọ inú búùtù. Wọ́n á sún wáyà orin kúrò lẹ́bàá wáyà iná, wọ́n á pariwo pé, 'Báyìí ńkọ́?' Á ní ó ṣì wà. Wọ́n á ha irin, wọ́n á tún ìdè dè. 'Báyìí ńkọ́?' Ó ní ó ti dín kù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi tẹ́tí, tó wá ní kò sí mọ́. Bàbá tún béèrè. Ó ní, 'Òótọ́ ni, Bàbá,' ó sì ń rẹ́rìn-ín, Bàbá sì gbà á gbọ́. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹnu àwọn ìyókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá le jù, Danjuma á wá láti Keteren Gwari, á jókòó níwájú, Bàbá á wà lẹ́yìn, wọ́n á máa pariwo Hausa sí ara wọn gba inú ọkọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jẹun. Bàbá ní, 'Danjuma á gbọ́, èmi á ṣe é, owó sì ń bẹ fún oúnjẹ méjèèjì.'

Ìbéèrè náà bá wọn wọlé. Màmá ló kọ́kọ́ lò ó fún wọn. Bàbá yin ọbẹ̀ kùbẹ́wà kan, ìyẹn ilá, lálẹ́, Màmá ní, 'Òótọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀?' Bàbá ronú díẹ̀, wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Màmá gbé abọ́ náà kúrò níwájú wọn.

Àìsàn wọn kò pẹ́. Inú rírun ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n rù, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà pe èmi àti Dádì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún wa pé ohun tí wọ́n lè ṣe ti tán. Ó sọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dádì nu ojú wọn, wọ́n gbọn ara wọn, wọ́n wọlé lọ bá Bàbá. Wọ́n gbé ohùn ńlá wọn jáde. 'Bàbá, dókítà ní ara yín ti ń yá. Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹ ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù.'

Bàbá wò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n yí orí sí mi lórí ìrọ̀rí.

'Àṣàkẹ́, òótọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀?'

Dádì di apá mi mú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Bàbá, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí ó lè nípọn, kí ó lè wọ̀ wọ́n létí.

'Ọ̀wọ̀ ni, Bàbá.'

Wọ́n ní, 'O ṣé. Ẹ gbé mi lọ sílé.'

Èmi ni mo wakọ̀. Dádì jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé orí Bàbá lé èjìká wọn. Mo ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù títí a fi dé Tunga. Dádì gbọ́ mi. Bàbá kò gbọ́.